Ta Ni Alva Dimsjö Tó Jogún Orin Kersti?

Kersti Bäck ti kú. Ó kú nílé ìwòsàn ní ọ̀sán Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí ẹ̀dọ̀fóró ti dààmú rẹ̀ láti ìgbà tí ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Kò sí ìwé ìròyìn kankan ní Stockholm tó gbé e. Àwọn tó ń fi gòjé rẹ̀ sùn káàkiri ayé pọ̀ ju gbogbo àwa tí à ń gbé ní agbègbè Dalarna níhìn-ín lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ pé ó kú, nítorí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ pé ó wà láyé rí. Alva Dimsjö ni orúkọ tí wọ́n mọ̀. Alva Dimsjö kò lè kú. Ẹnikẹ́ni kò bí i.

Mo fẹ́ sọ irú ẹni tí Kersti jẹ́, mo sì fẹ́ sọ àwọn tó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nígbà tí èémí ṣì wà nímú rẹ̀. Inú ń bí mi. Ẹni tó bá ń retí ọ̀rọ̀ ìdágbére pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ọwọ́ arúgbó, kó ṣí ojú ewé tó kàn. Wọ́n gbé àwòrán ajá kan tó sọ nù síbẹ̀.

Ìgbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ rédíò ni mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ sí abúlé Skålmora, wọ́n sì ní kí n lọ wá a ní ilé ìdáná ilé-ìwé, nítorí òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Mo bá a níbi tí ooru ti bo ojú rẹ̀. Mo sọ fún un pé láti ilé-iṣẹ́ rédíò ni mo ti wá. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn.

"Jókòó síbẹ̀ yẹn," ló wí. "Gòjé kò ní jóná. Pòtétò ló lè jóná."

Mo jókòó. Nígbà tó ṣe tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì mú gòjé jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí. Kò tíì fọwọ́ kan okùn tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí àwọn onígòjé wa ti ń ṣe nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níhìn-ín mọ̀ ọ́n: a kì í ta orin kí a tó sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí a ti gbà á. Kò sí ẹni tó ń sọ pé orin tòun nìyí. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ nínú àpéjọ onígòjé, ẹ̀rín ni wọn yóò fi lé e dé ilé.

"Ọ̀dọ̀ Smids Karin, olùkọ́ mi, ni mo ti gba èyí," ni Kersti sọ fún ẹ̀rọ mi. "Ìgbà tí inú bá ń bí i sí ọkọ rẹ̀ ló máa ń ta á, nítorí náà ó máa ń yá jù. Mo gbìyànjú láti dín eré rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ọkọ tèmi náà ń múnú bí mi."

Orin tó dára jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni èyí tó ń pè ní Ìrìn Ivar. Ivar ni ọkọ rẹ̀, agégi nínú igbó. Igi kan wó lù ú nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì ń tiro títí ó fi kú. Orin náà ń tiro bíi tirẹ̀: ẹsẹ̀ kan á yára kan ilẹ̀, èkejì á falẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun máa bọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé onígòjé ṣì í ta. Ẹni tó mọ Ivar yóò rí i tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò, tó gbé ààké dání.

Kersti fúnra rẹ̀ ló dá orin náà, gbogbo Skålmora ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ ta á, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ọ̀dọ̀ Ivar ni mo ti gba èyí."

Mo fi í ṣe ẹlẹ́yà nígbà kan. "Ivar wo? Ivar tí kò lè súfèé?"

"Òun náà ni. Ta ló sọ fún ọ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn lórin? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń rìn ní gbogbo ọjọ́ ayé mi."

Irú obìnrin yẹn ni. Irú ẹni yẹn ni mo mú lọ sí Stockholm, èmi fúnra mi, nínú ọkọ̀ ojú irin, pẹ̀lú búrẹ́dì àti wàràkàṣì tó dì fún àwa méjèèjì.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Kò sí ẹni tó ń béèrè èrò mi lórí ohunkóhun mọ́, ìyẹn sì ń dùn mí ju bí ó ti yẹ lọ. Ni Staffan Grenholm bá pè mí, ọ̀gá pátápátá ní Klangvik, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin wọ inú fóònù gbogbo ayé. Ó fún mi ní oyè: Olùdámọ̀ràn Lórí Orin Ìbílẹ̀. Ó fún mi ní àga nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ jẹ́ kìkì gíláàsì. Wọ́n ń wá ohùn gòjé, ohùn dùùrù, ohunkóhun tó lè mú kí èèyàn fara balẹ̀. Mo mọ gbogbo onígòjé láti Falun dé ààlà Norway. Mo sọ orúkọ Kersti kí n tó sọ ti ẹlòmíràn.

Nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka ìwé àdéhùn. Ó wà níbẹ̀ kedere pé ilé-iṣẹ́ lè fi orúkọ yòówù tó bá wù ú gbé orin náà jáde, àti pé láti ọjọ́ tí Kersti bá ti fọwọ́ sí i, orin náà ti di tiwọn. Mo kàwé. Mo mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Kersti bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀, mo sì dáhùn pé, "Ìwé lásán ni. Gbogbo èèyàn ló ń fọwọ́ sí i." Mi ò ní àwáwí kankan. Mi ò sì kọ èyí kí ẹ lè dárí jì mí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ náà, nítorí ohun tí Klangvik gbá mú lónìí láti fi gbèjà ara wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lẹ́yìn gíláàsì, ó fi ìgbọ́rọ̀ bo etí. Kersti ta Ìrìn Ivar tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ bọ́tìnì.

"Ó dára gan-an ni, Kersti. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ orin yẹn ń yára níbì kan, ó ń falẹ̀ níbì kan. Ṣé ká tún un ta?"

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ Ivar ni."

"Ta ni Ivar?"

"Ọkọ mi. Igi wó lù ú."

"Áà, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò wá lè dọ́gba díẹ̀?"

"Ká ní ó lè dọ́gba ni, ṣé dókítà ò ní ti tún un ṣe?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà bi í pé orúkọ wo ni kí àwọn kọ sí i.

"Má kọ tèmi," ni Kersti wí. "Ẹni tí mo gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí o kọ. Ivar ni kí o kọ sí èyí. Smids Karin ni kí o kọ sí ìyókù."

Ọmọ náà wo ojú mi. Ọmọ ìlú ni, kò mọ nǹkan kan. Èmi mọ̀. Ọmọdé tó ń bẹ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Skålmora ìbá ti ṣàlàyé fún un pé obìnrin yìí kò ní kí wọ́n fi òun pamọ́, pé ó ń ṣe ohun tí ọmọlúàbí onígòjé máa ń ṣe ni, pé ẹni tó bá kọ orúkọ Ivar gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé láti ọwọ́ Kersti. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Staffan ti ṣèlérí oúnjẹ ọ̀sán fún wa, ẹja sámọ́nì ń dúró dè mí. Mo mirí sí ọmọ náà pé ó ti tó.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n gé gbogbo ọ̀rọ̀ tí Kersti sọ ṣáájú orin dànù, nítorí ẹni tó fẹ́ sùn kò fẹ́ gbọ́ nípa Smids Karin àti ọkọ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ tọ́ ẹsẹ̀ Ivar. Ohun tí dókítà ilé ìwòsàn ńlá kò lè ṣe, kọ̀ǹpútà Klangvik ṣe é kí kọfí tó tutù: ọkùnrin náà ń rìn gbọọrọ báyìí bíi sójà. Wọ́n yí orúkọ orin náà sí Ìkùukùu Lórí Adágún. Wọ́n sì wá bí ọmọ kan tí wọ́n sọ ní Alva Dimsjö. Wọ́n yà á ní àwòrán, ọ̀dọ́bìnrin kan tó kẹ̀yìn sí wa, tó ń wo omi, ẹ̀rọ ló sì ya òun àti omi náà. Wọ́n tilẹ̀ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀: etí adágún ló dàgbà sí, ó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, ó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́! Báwo ni kò ṣe ní fẹ́ràn rẹ̀? Kò ní ẹnu.

Ẹ lè bi mí pé èrè wo ló wà nínú bíbí ẹni tí kò sí. Mo wà nínú yàrá onígíláàsì yẹn nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ara wọn, wọn kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí wọ́n kà mí mọ́ ara wọn. Olórin gidi yóò fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá gbọ́ orin rẹ̀. Yóò ṣàìsàn. Yóò pe àwọn oníròyìn. Alva kì í béèrè ìpín, kì í ṣàìsàn, kò sì mọ oníròyìn kankan. Ẹni tó bá sì ṣí fóònù nítorí kó lè rí oorun sùn kì í béèrè ẹni tó ń ta gòjé fún un. Nítorí náà wọ́n kó àwọn Alva wọn sí iwájú nínú gbogbo àkójọ orin oorun, àwọn olórin tó wà láàyè sì ń sún sẹ́yìn títí ẹnikẹ́ni kò fi rí wọn mọ́. Ìṣègbè tí kì í pariwo ni. Àwọn olóṣèlú wa sì ń pe àwọn èèyàn wọ̀nyí wá síbi àsè, wọ́n ń pè wọ́n ní ògo ilẹ̀ wa.

Mo ti fi Klangvik sílẹ̀ kí Kersti tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ má kí mi kú iṣẹ́. Mo fi í sílẹ̀ nítorí wọn kò sọ oyè mi dọ̀tun ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Annelie, ló sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn. Olùtọ́jú kan, ọmọ tó ní àánú lójú, rí i pé Kersti ń mí gùlegùle. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí ìrọ̀rí.

"Mo fi orin ìsinmi díẹ̀ sí i fún ọ, Kersti. Gbọ́ bó ṣe tutù tó."

Kersti gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. "Èmi nìyẹn," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ni mo fi sí i fún."

"Rárá. Mo ní èmi ni mò ń ta á. Wọ́n ti tọ́ ẹsẹ̀ Ivar."

Ọmọ náà wo fóònù. "Alva Dimsjö ni wọ́n kọ síbí, ọ̀rẹ́ mi."

"Ta nìyẹn?"

Olùtọ́jú náà fọwọ́ ra orí Kersti. Kó tó lọ sílé, ó sọ fún àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọpọlọ màmá ti ń ṣáko, ó ń pe ara rẹ̀ ní olórin inú fóònù. Mi ò bá ọmọ yẹn jà. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ló kà. Annelie bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún dókítà: "Ọpọlọ màmá mi pé. Òun ni lóòótọ́!" Dókítà mirí bí wọ́n ti ń mirí fún ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀. Láti ìgbà náà, bí Kersti bá la ẹnu sọ̀rọ̀, ohùn jẹ̀lẹ́ńkẹ́ tí wọ́n fi ń tan ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú. Obìnrin tó sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ ni wọ́n sin gẹ́gẹ́ bí arúgbó tó ń ṣe ràn-ín-ràn-ín.

Ṣé ibẹ̀ ló parí sí? Ẹ̀yin ò tíì mọ Klangvik.

Níbi ìsìnkú, àwọn onígòjé ṣáájú pósí láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ibojì, nínú yìnyín, wọ́n ń ta Ìrìn Ivar pẹ̀lú títiro rẹ̀, gbogbo wa sì ń tiro tẹ̀ lé e láìmọ̀. Ọmọ ìyá Annelie kan fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Annelie gbé e sórí ayélujára nítorí àwọn ará wọn tó wà ní Amẹ́ríkà. A ṣì ń mu kọfí nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó kà á jáde fún wa:

"Báwo ni, Annelie! Fídíò rẹ ní orin Alva Dimsjö nínú. A ti pa ohùn rẹ̀ láti dáàbò bo olórin."

Láti dáàbò bo olórin! Gbogbo wa ni à ń pe ara wa ní ìwọ ní ilẹ̀ yìí, àgbà àti ọmọdé, kò sì dùn mí rí, àfi ọjọ́ yẹn tí ẹ̀rọ kan fi ìwọ ki ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀. A wo fídíò náà. Pósí ń lọ. Ọ̀pá gòjé ń lọ sókè sódò. Kò sí ohùn kankan.

"Bóyá ká lọ bẹ Alva," ni Bror wí, onígòjé tó dàgbà jù nínú wa. "Ó lè jẹ́ ọmọ dáadáa."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú kó tó dé ìdí tábìlì.

"Sixten," ni Annelie wí. Kò pariwo. "Ìwọ lo mú un lọ. Kí lo rí nínú ìwé yẹn?"

Mo sọ ọ́ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Mo sọ nípa ọkọ̀ ojú irin, mo sọ nípa ẹja sámọ́nì. Annelie gba ife kọfí lọ́wọ́ mi, ó dà á sínú agbada tí wọ́n ń fọ abọ́ sí, ó sì ṣan ife náà. Mo wọ ẹ̀wù òtútù mi, mo jáde.

Láti ilé ni mo ti pe Staffan Grenholm.

"Sixten! Ọjọ́ kan pẹ̀lú! Ara ńkọ́?"

"Kersti kú."

"Ta ni?"

"Kersti Bäck. Alva Dimsjö yín."

"Áà, màmá yẹn! Ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n ìwọ náà wà níbẹ̀, Sixten. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká má kọ orúkọ òun. Ohùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ wú gbogbo wa lórí."

"Ó ní kí ẹ kọ Ivar. Ó ní kí ẹ kọ Smids Karin."

"Òkú nìyẹn, àbí? Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa ta òkú fún ẹni tó fẹ́ sùn?"

"Alva ńkọ́? Òun wà láàyè?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Má ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn sí mi. Ìwọ náà jẹun níbẹ̀."

Mo jẹun níbẹ̀, Staffan. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ibi tí ẹ ń kó egungun sí.

O di ìdajì gbólóhùn obìnrin kan mú, o gé ìdajì kejì sọ nù, o sì ń pe èyí tó kù ní ẹ̀rí. Ohun tó fi bọ̀wọ̀ fún ọkọ àti olùkọ́ rẹ̀ ni o fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ta ló jókòó yan orúkọ yẹn? Ta ló kọ ìtàn etí adágún? Ta ló pàṣẹ kí ẹ̀rọ máa pa ẹnu àwọn tó ń sin òkú wọn mọ́? Ẹ̀rọ kì í dédé ronú kan ìyẹn. Èèyàn ni, wọ́n ní ilé, wọ́n ní ọmọ, wọ́n ń gba owó oṣù, mo sì mọ àwọn kan nínú wọn lójú. Mo fẹ́ kí wọ́n dìde kí wọ́n sọ orúkọ tiwọn, èyí tí ìyá wọn sọ wọ́n.

Mi ò fẹ́ kí ẹ tọrọ àforíjì. Ẹ má fi òdòdó ránṣẹ́ sí Skålmora. A ó kó o fún àwọn ewúrẹ́ Bror. Ẹ dá ohùn padà sínú fídíò ìsìnkú náà. Ẹ pa Alva Dimsjö lójú gbogbo ayé, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń fi í sùn pé irọ́ ni wọ́n ń gbé sórí ìrọ̀rí. Ẹ jẹ́ kí Ivar máa tiro. Ẹ dá gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ gé padà sí ipò rẹ̀, kí ẹ sì kọ Kersti Bäck síbẹ̀ ní lẹ́tà tí arúgbó lè kà láìwọ awò. Lẹ́yìn náà kí ẹ tú àṣírí gbogbo àwọn Alva yòókù, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀, mo sì mọ ibi tí àwọn tí ẹ gba orin lọ́wọ́ wọn ń gbé. Èmi ni mo fọ̀nà ilé wọn hàn yín. Mo ti ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí. Àwọn kan ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Àwọn kan wọ bàtà wọn, wọ́n bá mi jáde.

Oorun lẹ ń tà. Mo gbàdúrà pé kó má kun ẹ̀yin fúnra yín mọ́.

Annelie ti gba agbẹjọ́rò, ẹjọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní Stockholm lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ni ẹlẹ́rìí tó gbọ́ gbólóhùn Kersti lódindi, èmi yóò sì sọ ọ́ lódindi. Mo pe Annelie láàárọ̀ yìí. Mo ní kó sọ fún agbẹjọ́rò rẹ̀ pé ẹlẹ́rìí nìkan kò tó, kí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

"Má da ara rẹ láàmú, Sixten," ló dá mi lóhùn. "Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú."

O ti gbọ́ báyìí, Staffan. Wá jókòó tì mí níwájú adájọ́.